Gígun Òkè Surrey Pẹ̀lú Ẹgbẹ́ Oníkẹ̀kẹ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Ń Múra fún Triathlon

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ló ń wá léraléra láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń múra fún triathlon lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn, tí wọ́n sì fẹ́ bá ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ lọ gun àwọn òkè Surrey, ẹkùn tó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, tàbí tí ojú wọn ti rí màbo níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. A tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó gba àrògún.

Kí ni triathlon, kí sì ni òkè fi kàn án?

Triathlon jẹ́ ìdíje kan ṣoṣo tó pa eré mẹ́ta pọ̀: olùdíje yóò lúwẹ̀ẹ́, yóò gun kẹ̀kẹ́, yóò sì sáré, láìsí ìsinmi láàárín wọn. Èyí tí wọ́n ń ṣe nínú ìdíje Òlíḿpíìkì jẹ́ kìlómítà 1.5 nínú omi, 40 lórí kẹ̀kẹ́ àti 10 lórí ẹsẹ̀. Ti Ironman, irú triathlon tó gùn gan-an, jẹ́ 3.8, 180 àti 42.2. Bí a bá wo iye wọ̀nyí, a ó rí i pé orí kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pọ̀ jù nínú àkókò ìdíje ń lọ.

Ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà ìdíje ni kò tẹ́jú. Ironman Wales, tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Tenby, ń mú àwọn olùdíje gun òkè tí àpapọ̀ rẹ̀ ju mítà 2,000 lọ kí wọ́n tó bọ́ sílẹ̀ láti sáré. Ẹni tó bá fi ilẹ̀ títẹ́jú nìkan múra yóò dé irú ibẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá a.

Àwọn òkè wo ni ẹgbẹ́ sábà máa ń gùn ní Surrey, báwo ni wọ́n sì ṣe le tó?

Èyí tó lókìkí jù ni Box Hill, tí a ń gùn láti ojú ọ̀nà Zig Zag Road. Ó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 2.5, ó sì ga ní nǹkan bí 5%, ìyẹn ni pé nínú mítà 100 tí ẹ bá rìn, ẹ ó ti gòkè ní mítà 5. Níbẹ̀ ni àwọn oníkẹ̀kẹ́ Òlíḿpíìkì gbà kọjá ní 2012: ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni àwọn ọkùnrin gùn ún, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni àwọn obìnrin. Òkè tó ṣeé bá ṣọ̀rẹ́ ni. Kò sí ibi tó ti ga lójijì débi pé yóò ba ènìyàn lẹ́rù.

Leith Hill le jù ú lọ. Òun ló ga jù ní gbogbo Surrey, ó jẹ́ mítà 294 sókè ojú òkun, ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ sì há, ó ṣókùnkùn lábẹ́ igi, ó sì máa ń tutù. Ẹ bi olórí ẹgbẹ́ léèrè ṣáájú bóyá wọ́n máa gba White Down Lane tàbí Barhatch Lane, nítorí pé àwọn méjèèjì ní ibi tó ga ju 15% lọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ wọn nígbà tó ti wà nídìí wọn.

Láti Èkó ni mo ti dé, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́jú. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Richmond Park, ọgbà ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Yíyí po rẹ̀ kò ju nǹkan bí kìlómítà 11 lọ, ó ní òkè kéékèèké tí ẹ lè tún gùn lẹ́ẹ̀kan sí i láìjìnnà sílé, eré ọkọ̀ níbẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju máìlì 20 ní wákàtí kan. Nígbà tí ẹ bá lè yí i po lẹ́ẹ̀mẹrin tí ẹ sì ń bá ẹni ẹ̀gbẹ́ yín sọ̀rọ̀, ẹ ti tó ẹni tó ń lọ sí Box Hill.

Báwo ni mo ṣe lè mọ ẹgbẹ́ tó yẹ mí?

Ẹ má ṣe béèrè bí wọ́n ṣe ń yára tó nìkan. Kìlómítà 25 ní wákàtí kan lójú ọ̀nà títẹ́jú jẹ́ ohun kan. Kìlómítà 25 kan náà nínú ìrìn tí ó ní òkè mítà 1,000 jẹ́ iṣẹ́ mìíràn pátápátá. Ẹ béèrè gígùn ìrìn náà, àpapọ̀ gíga òkè inú rẹ̀, àti bóyá wọ́n máa ń dúró de ẹni ìkẹyìn lórí òkè kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù fún ẹni tuntun.

Bí ó bá wù yín láti wà láàárín àwọn ènìyàn dúdú bíi tiyín, Black Cyclists Network wà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2018. Ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú kò sì gbọ́dọ̀ rò pé eré yìí kò ṣe é ṣe fún òun: ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ní ìrìn ọjọ́ Sátidé.

Irú kẹ̀kẹ́ àti gíà wo ni mo nílò?

Kẹ̀kẹ́ ojú ọ̀nà tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀ ló dára jù. Kẹ̀kẹ́ triathlon, èyí tó ní ọ̀pá méjì níwájú tí a ń gbé ìgbọ̀nwọ́ lé, kò yẹ fún àárín ẹgbẹ́, nítorí pé ọwọ́ tó bá wà lórí ọ̀pá wọ̀nyí ti jìnnà sí búréèkì. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kò ní gbà á láàyè, òtítọ́ sì wà lọ́wọ́ wọn.

Ní ti gíà, ẹ wo àwọn àwo eléyín tí ṣéènì ń yí lé lórí, kí ẹ ka eyín èyí tó kéré jù níwájú àti ti èyí tó tóbi jù lẹ́yìn. Bí iwájú bá jẹ́ 34 tí ẹ̀yìn sì jẹ́ 28, ẹsẹ̀ tó ń yí ní ìgbà 70 láàárín ìṣẹ́jú kan yóò gbé yín lọ ní nǹkan bíi kìlómítà 10.7 ní wákàtí kan. Bí ẹ̀yìn bá jẹ́ 34, yóò wálẹ̀ sí nǹkan bíi 8.8. Ìyàtọ̀ yìí lè má jọ ni lójú, ṣùgbọ́n níbi tí òkè bá ti ga ní 10%, òun ló ya ẹni tó ṣì ń yí ẹsẹ̀ geere sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń fi gbogbo ìwúwo ara ti ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ wálẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ tó ná owó lórí kẹ̀kẹ́ tó fúyẹ́, ẹ ní kí ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe bá yín fi àwo ẹ̀yìn tó tóbi sí i.

Kí ni kí n jẹ, kí sì ni kí n mú dání?

Ẹ jẹun ní wákàtí méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó gbéra: ògì tàbí ọkà oat pẹ̀lú búrẹ́dì, tàbí ìrẹsì díẹ̀. Ẹ fi ẹ̀wà àti ohun tí a dín sínú òróró sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá dé, nítorí pé wọ́n máa ń pẹ́ nínú ikùn. Lórí kẹ̀kẹ́, ẹ fojú sun nǹkan bíi gíráàmù 60 èròjà afáralókun ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan ní nǹkan bíi 25, dàbínù ńlá kan ní nǹkan bíi 18, ohun mímu àwọn eléré ìdárayá sì lè dí ìyókù.

Ìgbà tí ẹ jẹ ẹ́ ṣe pàtàkì tó iye tí ẹ jẹ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láàárín ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, lórí ilẹ̀ títẹ́jú, nígbà tí ebi kò tíì pa yín, nítorí pé lórí òkè ẹnu yóò wà ní yíyà fún èémí, kò sì ní ráyè jẹ nǹkan. Ẹ gé oúnjẹ sí wẹ́wẹ́, ẹ fi fọ́ìlì wé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ti ṣí etí fọ́ìlì náà díẹ̀ láti ilé. Ìka tó ti tutù, tó sì wà nínú ìbọ̀wọ́, kò lè jà pẹ̀lú ọ̀rá nígbà tí ọwọ́ kejì ń darí kẹ̀kẹ́ nínú ọ̀nà tóóró.

Ẹ mú ìgò omi méjì, tíúbù méjì, ohun ìtú táyà, pọ́ǹpù, fóònù tó ní bátìrì, owó díẹ̀ àti aṣọ òjò fẹ́lẹ́. Akoto kò gba àlàyé.

Mo ń sáré dáadáa, mo sì ń lúwẹ̀ẹ́. Kí ló dé tí òkè fi ń borí mi?

Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró tí lílúwẹ̀ẹ́ àti eré sísá ti kọ́ wà lára yín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iṣan itan, tó gbọ́dọ̀ ti ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ wálẹ̀ lábẹ́ ẹrù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko, kì í rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú omi, bẹ́ẹ̀ ni kì í rí i tó lójú pápá.

Ìdí kejì ni mo kà sí pàtàkì jù. Ẹni tó ń múra fún triathlon sábà máa ń dá gun kẹ̀kẹ́, ní ìwọ̀n kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹgbẹ́ kì í rìn bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fò sókè, ìyẹn ni pé wọ́n á ṣàdédé fi kún eré wọn, bí wọ́n bá ti kúrò ní oríta, wọ́n á tún sáré gun òkè kékeré kan tí kò tó mítà 200, wọ́n á rọra lọ díẹ̀, wọ́n á tún fò. Ẹsẹ̀ kì í ráhùn lọ́wọ́ kan. Ìdí òkè kẹta ló ti máa ń sọ̀rọ̀.

Ìwúwo náà wà níbẹ̀. Láti gun Box Hill ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹni tí òun àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọn kìlógíráàmù 90 nílò nǹkan bíi wáàtì 210 (wáàtì ni a fi ń wọn agbára tí ẹsẹ̀ ń fún kẹ̀kẹ́). Ẹni tí àpapọ̀ tirẹ̀ jẹ́ 80 nílò nǹkan bíi 190. Ẹni tó fúyẹ́ tó ń kọjá lára yín lè má lágbára jù yín lọ rárá. Èyí kì í ṣe ìdí láti fi ebi pa ara yín.

Kí ló dé tí fífara pamọ́ sẹ́yìn ẹlòmíràn kò ràn mí lọ́wọ́ lórí òkè?

Nítorí pé afẹ́fẹ́ kọ́ ni ẹ ń bá jà níbẹ̀. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, bí ẹgbẹ́ bá ń lọ ní kìlómítà 35 ní wákàtí kan, ẹni tó wà lẹ́yìn lè fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ pamọ́. Lórí òkè tí ẹ ti ń lọ ní kìlómítà 10, ìwúwo ara ni fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo agbára ń bá lò, kò sì sí ẹni tó lè bá yín gbé e. Ìdí rèé tí ẹgbẹ́ tó wà pọ̀ gbágbáágbá ní títẹ́jú fi máa ń tú ká ní òkè. Bí ó ti yẹ kó rí nìyẹn, kì í ṣe àbùkù ẹnikẹ́ni.

Báwo ni kí n ṣe gun òkè gígùn tí agbára kò fi ní tán láàárín ọ̀nà?

Ẹ gun òkè tiyín, ẹ má gun ti ẹlòmíràn. Mo mọ̀ pé ó rọrùn láti sọ, ó sì nira láti ṣe nígbà tí ẹ̀yìn àwọn ẹlẹgbẹ́ bá ń jìnnà, ṣùgbọ́n kò sí ìmọ̀ràn mìíràn lójú ìwé yìí tó tó o.

Ẹ tún wo ẹni kìlógíráàmù 90 yẹn. Bí ó bá gun Zig Zag Road ní ìṣẹ́jú 12, yóò ná an ní nǹkan bíi wáàtì 175. Ìṣẹ́jú 10 yóò ná an ní 210. Ìṣẹ́jú 8 yóò ná an ní nǹkan bíi 280. Ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ tó gé kúrò gba wáàtì 35; ìṣẹ́jú méjì kejì gba ìlọ́po méjì rẹ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ tó 210 fún wákàtí kan, tó wá fi 280 gun òkè àkọ́kọ́ nítorí kí ó má bàa kẹ́yìn, ti ná ohun tí yóò fi gun Leith Hill.

Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn wáàtì, ẹ fi èémí wọ̀n ọ́n. Ní ìdá àkọ́kọ́ òkè, ó yẹ kí ẹ lè sọ odidi gbólóhùn kan. Ní àárín, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà tí ẹ bá rí orí òkè ni ẹ tó lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu. Bí ẹ bá ti ń mí gúlegúle kí ẹ tó dé kọ́nà àkọ́kọ́, ẹ ti yára jù: ẹ yí gíà sí èyí tó fúyẹ́, ẹ tú ìka tó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ẹ jẹ́ kí èjìká sọ̀kalẹ̀ kúrò lẹ́bàá etí, kí ẹ sì mí jáde pátápátá kí ẹ tó fa òmíràn.

Ẹ yí gíà kí òkè tó bẹ̀rẹ̀. Òkèèrè lolójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Ẹni tó bá dúró títí ẹsẹ̀ fi le kó tó yí i lè gbọ́ kí ṣéènì já bọ́ kúrò lórí àwo, yóò sì fi ẹsẹ̀ kan balẹ̀ láàárín òkè. Ní kọ́nà, ẹ rántí pé òkè máa ń le ní etí inú ju etí òde lọ. Bí ọkọ̀ kò bá bọ̀, ẹ gba òde ní ìhà tiyín, kí ẹsẹ̀ lè sinmi fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Ṣé kí n jókòó ni, àbí kí n dìde?

Ẹ jókòó fún èyí tó pọ̀ jù, nítorí pé ìdìde máa ń mú ọkàn lù sí i fún ìyára kan náà. Ẹ dìde níbi tó ga lójijì, tàbí fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá láti na ẹ̀yìn. Bí ẹ bá fẹ́ dìde, ẹ kọ́kọ́ yí gíà sí èyí tó le díẹ̀, kí ẹ sì máa ti ẹsẹ̀ bí ẹ ti ń dìde, nítorí pé kẹ̀kẹ́ máa ń sún sẹ́yìn nígbà náà, táyà rẹ̀ sì lè gbá ti ẹni tó wà lẹ́yìn yín.

Kí ni mo lè ṣe kí n má bàa jìnnà sí ẹgbẹ́ jù?

Ẹ wà níwájú nígbà tí ẹ bá dé ìdí òkè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kọjá lára yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹ ti ń gùn ún ní ìwọ̀n tiyín, kí ó lè jẹ́ pé ìgbà tí ẹ ó bá fi bọ́ sí ẹ̀yìn pátápátá, orí òkè ti súnmọ́. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn kò ní àyè kankan láti pàdánù.

Ìṣòro kan wà tí àwọn olórí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ gbọ́. Àwọn tó yára máa ń sinmi ìṣẹ́jú márùn-ún lórí òkè, bí ẹni ìkẹyìn bá sì ti yọ, wọ́n á gbéra. Ẹni tó nílò ìsinmi jù lọ ni kò wá rí ìsinmi kankan. Ẹ má ṣe tijú láti sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú méjì kí n mu omi.” Kò sí ẹgbẹ́ rere tó máa kọ̀.

Ẹ̀rù ìsọ̀kalẹ̀ ń bà mí ju gígùn lọ. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ di ìsàlẹ̀ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú kí ìka lè dé búréèkì dáadáa. Ẹ dín eré kù kí ẹ tó wọ kọ́nà, nígbà tí kẹ̀kẹ́ ṣì dúró ṣánṣán, kí ẹ sì tú búréèkì bí ẹ ti ń yí. Ẹ tẹ ẹsẹ̀ tó wà ní òde kọ́nà mọ́lẹ̀, kí ẹ wo ibi tí ẹ fẹ́ jáde sí. Ibi tí ojú bá wò ni kẹ̀kẹ́ máa ń lọ. Ẹ fi àyè tó pọ̀ sí àárín yín àti ẹni iwájú, ẹ kò ní láti bá a dé ìsàlẹ̀ pọ̀.

Ní Surrey, ewé tútù, òkúta wẹ́wẹ́ àti ẹṣin ni kí ẹ máa ṣọ́ lábẹ́ igi. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń gun ẹṣin, ẹ rọra lọ, ẹ kí i sókè láti ọ̀nà jíjìn kí ẹranko náà lè gbọ́ pé ènìyàn ń bọ̀, kí ẹ sì fi àyè ńlá sílẹ̀ bí ẹ ti ń kọjá.

Agbára mi ti tán, ilé sì ṣì jìnnà. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó jẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá wúwo ṣùgbọ́n tí orí pé, àárẹ̀ lásán ni. Ẹ yí gíà sí èyí tó fúyẹ́, ẹ sì máa lọ. Bí inú bá ṣàdédé ń bí yín, tí ara ń gbọ̀n, tí òógùn tútù ń bò yín, tí ẹ kò sì lè rántí kọ́nà tí olórí ẹgbẹ́ sọ, ṣúgà inú ara ló ti lọ sílẹ̀. Ẹ dúró. Ẹ jẹ ohun dídùn, ẹ mu nǹkan, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó máa ń padà.

Ẹ sọ fún ẹnìkan kí ó tó burú. Lẹ́yìn náà, ẹ dín òkè tó kù kù sí wẹ́wẹ́: dé igi yẹn, dé ẹnu ọ̀nà oko yẹn, dé ibi tí ojú ọ̀nà ti yí àwọ̀. Mo gbà gbọ́ gidigidi pé ọ̀pọ̀ ẹni tó sọ pé àwọn kò lè gun òkè kan kò tíì gbìyànjú láti má ro orí rẹ̀ rárá.

Ṣé ìtìjú ni kí n sọ̀kalẹ̀ kí n máa ti kẹ̀kẹ́?

Rárá. Lórí Barhatch Lane, ẹni tó ń rìn kò lọ́ra púpọ̀ ju ẹni tó ń fi ipá yí ẹsẹ̀. Ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí ẹ tó dúró, bí ẹ bá wọ bàtà tó ń há mọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ẹ tú u níbẹ̀ nígbà tí eré ṣì wà díẹ̀, kí ẹ sì ṣọ́ra nítorí pé ìsàlẹ̀ bàtà náà máa ń yọ̀.

Báwo ni mo ṣe lè mọ ìnira tó yẹ kí n fara dà àti èyí tó yẹ kó dá mi dúró?

Itan tó ń jó, èémí tó yá, ẹ̀yìn tó ń ro díẹ̀: ẹ fara dà á, wọn yóò lọ ní ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ bá dé orí òkè. Pajápajá ń fẹ́ kí ẹ dúró kí ẹ na iṣan. Ṣùgbọ́n bí àyà bá ń dùn yín tàbí tó há, bí òòyì bá ń kọ́ yín, bí ọkàn bá ń lù ségesège, tàbí bí èémí kò bá padà lẹ́yìn ìsinmi, ìrìn ọjọ́ náà ti parí. Ẹ sọ fún ẹgbẹ́, kí wọ́n sì pe 999. Ìdíje kankan kò sí tó tọ́ kí ẹ fi ọkàn yín ta á.

AS ni mí. Ṣé ewu wà nínú irú ìrìn yìí fún mi?

Ìbéèrè yìí tọ́ láàárín wa, nítorí pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ọmọ Nàìjíríà ló jẹ́ AS. AS kì í ṣe àìsàn, ọ̀pọ̀ àwọn tó jẹ́ AS sì ń díje láìsí wàhálà. Síbẹ̀, àwọn dókítà mọ̀ pé bí ẹni AS bá lo agbára dé góńgó láìsinmi, pàápàá nínú ooru tàbí nígbà tí omi ara ti dín kù, iṣan rẹ̀ lè bàjẹ́ lójijì, ó sì lè la ẹ̀mí lọ.

Nítorí náà, ẹ fi ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan gbé agbára yín sókè díẹ̀díẹ̀, ẹ mu omi dáadáa láti ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ má sì gun òkè bí ìje nígbà tí ibà bá ń ṣe yín. Àmì tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni kí itan, ìdí tàbí ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ṣàdédé rọ, kí ó sì máa dùn, síbẹ̀ tí iṣan náà kò le bí ìgbà tí pajápajá bá mú un. Ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ wá ìtọ́jú, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn oníṣègùn mọ̀ pé AS ni yín. Ẹ jẹ́ kí olórí ẹgbẹ́ náà ti mọ̀ ṣáájú. Ẹni tó jẹ́ SS gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó ronú irú ìrìn yìí rárá.

Ẹ̀ẹ̀melòó ló yẹ kí n máa lọ, ṣé kí n sì sáré lẹ́yìn rẹ̀?

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, kí ọjọ́ kejì rẹ̀ sì jẹ́ ti lílúwẹ̀ẹ́ pẹ̀lẹ́. Gígun kẹ̀kẹ́ kì í gbá iṣan bí eré sísá ti ń gbá a, nítorí náà ẹ lè sáré ìṣẹ́jú 15 sí 20 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ẹ bá dé, ní ìwọ̀n tó rọrùn, kí ẹsẹ̀ lè mọ bí ó ti máa ń rí lọ́jọ́ ìdíje. Ẹ má ṣe é lẹ́yìn ìrìn tó ti tán yín lágbára pátápátá.

Ṣé mo lè lo ohun tí mo kọ́ nínú ẹgbẹ́ lọ́jọ́ ìdíje?

Apá kan nínú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ triathlon tí àwọn tí kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ń ṣe, kò sí àyè láti fara pamọ́ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn. Ní Ironman, mítà 12 ni ó gbọ́dọ̀ wà láti táyà iwájú kẹ̀kẹ́ tó ṣáájú dé táyà iwájú kẹ̀kẹ́ yín, a ó sì fi ìyà jẹ ẹni tó bá súnmọ́ jù. Fífò sókè lórí gbogbo òkè kékeré, tí ẹ ti mọ́ra nínú ẹgbẹ́, ni kí ẹ fi sílẹ̀ nílé, nítorí pé eré sísá ń dúró dè yín.

Ohun tí ẹ ó mú lọ ni mímọ gíà, jíjẹun ṣáájú òkè, sísọ̀kalẹ̀ láìsí ìbẹ̀rù, àti ìfaradà láti jẹ́ kí ẹni mẹ́wàá kọjá lára yín ní ìdí òkè láìyí ìwọ̀n yín padà. Ẹ ó tún rí púpọ̀ nínú wọn nígbà tí eré sísá bá bẹ̀rẹ̀.